Bí Boma Ṣe Ń Ká Fáíbà

Owú ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí n tó sọ iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì, bí wọ́n bá ń ròyìn ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, ọpẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo fi so fáíbà ní Port Harcourt, mo jowú obìnrin kan débi pé bí mo bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní yàrá kejì, oúnjẹ ẹnu mi á korò. Boma ni orúkọ rẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Mile 3, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí gbogbo ènìyàn ń kì bọ àpò. Mo ti kọ́ iṣẹ́ iná díẹ̀ nílé. Ilé-iṣẹ́ kan ń ri kébù mọ́lẹ̀ káàkiri ìlú nígbà náà, wọ́n sì ń wá òṣìṣẹ́. Bàbá kan láti Ọ̀fà, tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, ló mú mi lọ síbẹ̀. Bàbá Lásísì là ń pè é. Wáyà tẹlifóònù ló ti so láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, wáyà bàbà ti ayé àtijọ́, nígbà tí fóònù ṣì ń jókòó sórí tábìlì tí kì í kúrò níbẹ̀. Nígbà tí fáíbà dé, wọ́n rán an lọ kọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó padà wá, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwa tí à ń so kébù.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́, n kò sì rí nǹkan kan. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sójú oòrùn, ìgbà náà ni mo tó rí fọ́nrán kan tó tín-ín-rín bí irun orí. Gíláàsì ni. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yìí ló sì ń ru ọ̀rọ̀, àwòrán àti gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Mo bi í pé bí ó bá já ńkọ́, ṣé a ó ta á ní kókó ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Bí a ṣe ń so ó nìyí. A ó bó èèpo ara rẹ̀, a ó fi sípírítì nù ún, a ó fi ọ̀bẹ kékeré kan gé orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, a ó wá kọ orí méjèèjì síra wọn nínú máṣíìnì. Iná á ṣẹ́ yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gíláàsì á yọ́ wọnú gíláàsì. Ìyẹn tán. Ṣùgbọ́n fáíbà tó ṣẹ́kù lọ́tùn-ún àti lósì, èyí tí a fà gùn kó lè dé orí máṣíìnì, a kì í gé e dànù. A máa ń ká a sínú abọ́ pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní tíréè, a ó pa tíréè dé sínú àpótí dúdú tí omi kò lè wọ̀, a ó sì gbé e sínú kòtò máńhóòlù lẹ́bàá títì. Àpótí yẹn là ń pè ní jọ́ńtì.

Ibi kíká yẹn ni Bàbá ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Láyé wáyà, asowáyà tó dáńgájíá ni ẹni tí ìdì wáyà rẹ̀ fún, tó wé mọ́ra, tí kò sí ọ̀kan tó yọrí síta. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ló kó bọ̀ wá sórí fáíbà. Ó ní kí a ká a kó kéré, kó fún, kó rí roboto bí òrùka. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ká tó èmi. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, tíréè mi ni Bàbá máa ń gbé jáde. "Ẹ wo iṣẹ́ Múfútàù," ni yóò wí. "Ẹ wo bó ṣe gún." Èmi á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò gbọ́, etí mi á sì nà gbọọrọ. Nínú ẹgbẹ́ wa, oníkálukú ní ọ̀dà tó ń fi sí orí jọ́ńtì rẹ̀, tèmi jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí jọ́ńtì ẹlòmíràn láìpe olóhun. Bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ obìnrin ló rí lójú wa.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ni Boma dé. Ọmọ Okrika ni, ó ti relé ọkọ, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Ibinabo. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí tíréè rẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Fáíbà náà kàn dùbúlẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ yí etí abọ́ ká, ó tóbi, ó sì tú yágbayàgba bí Indómì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀. Bàbá bá a wí. Ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyí. Boma rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba abeg, I go do am well next time," ó sì tún un ṣe bákan náà nígbà kejì àti nígbà kẹta. Ìbáwí kì í wọ̀ ọ́ lára. Bí wọ́n bá bá èmi wí bẹ́ẹ̀, n kò ní jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo rò pé Bàbá á lé e. Kò lé e o, ṣe ló tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Boma lọ kọ́ bí àwa Yorùbá ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ ẹnì kan, ó wá ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ Bàbá, ṣé ara le?" Bàbá á bú sẹ́rìn-ín, á pè é ní ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tèmi tí mo bí sí àdúgbò Elelenwo, "Baba, how far" ni wọ́n fi ń kí bàbá náà nígbà tó bá wá kí wa nílé. Ọjọ́ Boma bá sì se ẹja tútù wá, Bàbá kò ní ra oúnjẹ níta. Èmi tí mo ti ń bá a gbé àpótí irinṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, mo wá dà bí ìyálé tí ọkọ gbé ìyàwó tuntun wọlé tọ̀. Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi, Sìkírá, nílé. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ṣé ẹ fẹ́ kí Bàbá Lásísì fẹ́ yín ni?" Mi ò tún bá a sọ ọ́ mọ́.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí àwọn ènìyàn ń rán lórí kébù wa di púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan la fi bẹ̀rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì dé, fídíò tẹ̀ lé e, báńkì so gbogbo ẹ̀ka wọn pọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá elépo ṣiṣẹ́ ní Trans-Amadi ń fẹ́ ká máa kó ẹrù wọn lọ láìdúró. Ọ̀nà wa láti Mile 3 dé Elelenwo fún pa. Ọkùnrin kan tó ní ilé kọ̀ǹpútà ní Mile 3 wá gbé àga síwájú ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kan. Ó ní oníbàárà òun ti ṣí ojú ewé kan láti àárọ̀, ó ṣì ń yí. Ó ní òun náà yóò máa yí níbẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe. A ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ó mu ún, kò dìde.

Ní tèmi, kébù tuntun ni mo fẹ́ ká rì. Mo sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka wa bẹ́ẹ̀. Kébù tuntun túmọ̀ sí jọ́ńtì tuntun, èmi ni yóò sì so èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn ará orílé-iṣẹ́ ní a kò ní gbẹ́ títì kankan, pé fáíbà tó wà nílẹ̀ tó. Wọ́n kó ẹ̀rọ tuntun wá, èyí tó lè kó oríṣiríṣi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ sínú fọ́nrán kan ṣoṣo, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ru ẹrù tirẹ̀, kí wọ́n má sì pa ara wọn lára. Ojú lásán kò lè rí àwọn àwọ̀ yìí, ẹ̀rọ ló mọ̀ wọ́n. Ohun tí ọ̀nà wa ń gbé tẹ́lẹ̀ yóò di ìlọ́po ìlọ́po láìfi ọkọ́ kan ilẹ̀. Àfi kí a kọ́kọ́ dán gbogbo jọ́ńtì wò ná, bóyá wọ́n á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tuntun náà kọjá.

Ìgbà yẹn ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì Bàbá ń sún mọ́lé. Ọ̀gá ẹ̀ka ti sọ fún wa pé ẹni tí Bàbá bá fà kalẹ̀ ni yóò jókòó sí ipò rẹ̀. Èmi ti ra agbádá sílẹ̀ nínú ọkàn mi. Ta ló tún kù? Èmi ni mo dé ṣáájú, èmi ni wọ́n ń gbé tíréè rẹ̀ kiri. Bó ṣe wá ṣẹlẹ̀ ni pé láti Mile 3 dé Amadi-Ama, jọ́ńtì tèmi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láti Amadi-Ama dé Elelenwo, ti Boma ni. Mo fi inú dídùn dúró de ìdánwò náà, kí gbogbo ayé lè rí ìyàtọ̀.

Wọ́n rí i. Ẹ̀rọ ìdánwò máa ń rán ìmọ́lẹ̀ wọnú fáíbà, á sì fa ìlà kan sójú rẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń jò, ìlà náà á já wálẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ dán an wò, ìlà tèmi tẹ́ rẹrẹ, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n wá yí i sí ìmọ́lẹ̀ tuntun. Ti Boma tẹ́ bákan náà. Tèmi ṣubú ní jọ́ńtì àkọ́kọ́, ó ṣubú ní ìkejì, ìgbà tó fi máa dé Amadi-Ama kò sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́. Mo ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Wọ́n gbé òmíràn wá, bákan náà ló rí. Mo ní bóyá omi ló wọnú kébù. Ọ̀gá ẹ̀ka ní kí a lọ ṣí jọ́ńtì wò.

A lọ ṣí ọ̀kan ní Trans-Amadi, èmi, Boma, Bàbá àti ọ̀gá ẹ̀ka. Wọ́n ta tapólì bò wá kí oòrùn má baà dí wa lójú. Mo gbé tíréè mi jáde, ó gún régé bí ọjọ́ tí mo ká a. Boma mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ń tan iná pupa, ó tì í bọ ẹnu fáíbà. Òrùka tí mo ká náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pọ́n yíká-yíká, gbogbo ibi tí mo tẹ̀ ẹ́ kó lè kéré ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ síta. Ọ̀gá ẹ̀ka ṣàlàyé pé wáyà kò kọ̀ kí a tẹ òun bó ṣe wù wá, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń fẹ́ kọ́nà tó gbòòrò. Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ ń fara da kọ́nà tó há. Tuntun yìí kò lè fara dà á. Bó bá dé kọ́nà bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń jábọ́ síta bí èrò orí ọ̀kadà.

Mo bi Boma bó ṣe mọ̀. Mo ti ń retí kó ní òun kà á níbì kan, tàbí kó ní wọ́n kọ́ òun. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá gbà.

"Bros Mufu, I no know anything o," ló wí. "Na hurry. Ibinabo school dey close, who go carry am? I no get time to dey roll am small small."

Ìkánjú! Mo ń fi ọ̀sán gbogbo ká fáíbà bí ẹni ń dirun ìyàwó, ó ń jù ú sínú abọ́ kó lè sáré lọ gbé ọmọ, tirẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ gbà. Kí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, mo lè fara dà á. Kí ènìyàn má mọ̀ ọ́n ṣe, kó sì tún gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, ó dùn mí wọ egungun. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ orí tèmi nìkan ló ń mì?

A padà dé ọ́fíìsì. Bàbá pè mí sí ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Múfútàù, wáyà ni mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ́ ọ." Ojú rẹ̀ wọlẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ní kó má ṣe gbé e sọ́kàn. Mo rò pé bí mo ṣe rọ̀ ọ́ nínú yẹn, ọ̀rọ̀ ipò náà ti parí sọ́dọ̀ mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fa Boma kalẹ̀.

Mo lọ bá a nílé rẹ̀. N kò lè mú un mọ́ra. Mo ní ṣé nítorí tíréè ni. Ó ní rárá, pé tíréè kò ju ohun tí a ó tún ká lọ. Mo ní kí ló wá dé. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ lélẹ̀, ó sì wò mí.

"Bí mo bá bá Boma wí, á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, a ó jọ jẹun. Ìwọ, bí mo bá yìn ọ́, ojú ẹni tí mi ò yìn lo máa ń wò. Ìyìn ni oúnjẹ rẹ, Múfútàù. Ta ni yóò máa bọ́ ọ bí mo bá lọ tán? Ẹni tí yóò jẹ́ olórí, òun ni yóò máa bọ́ àwọn yòókù."

Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ó yẹ kí n ti wọkọ̀. Inú ń bí mi sí Bàbá, ó ń bí mi sí Boma, ó sì ń bí mi sí ẹja tútù. N kò rò pé ọ̀rọ̀ náà tọ́ nígbà náà. Mo kàn mọ̀ pé Boma ni olórí mi láti ọjọ́ Ajé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Boma ṣe lórí ipò náà ni kí a ṣí gbogbo jọ́ńtì mi. Ọjọ́ Àìkú là ń lò, nígbà tí ọ́fíìsì ti pa, tí àwọn onígbàgbọ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí a lè gé ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó lè rán àwọn yòókù, ó sì lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní olóhun ló ń ṣí ohun rẹ̀. Yóò lọ sí ìsìn kùtùkùtù, á bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, á wá bá mi lẹ́nu kòtò, á máa na irinṣẹ́ sí mi bí ẹni pé èmi ni ọ̀gá. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí tó lè dùn mí. Mo ń wá a. Bí ó bá ní "Well done, Bros," mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì bóyá ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀.

Jọ́ńtì kan lẹ́yìn òmíràn, mo tú òrùka mi, mo tún un ká, ó gbòòrò, ó dùbúlẹ̀ sí etí abọ́. Ó burẹ́wà lójú mi. Ó ṣì burẹ́wà lójú mi di òní, bó bá ti jẹ́ òótọ́ lẹ fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ṣe é ni ìlà orí ẹ̀rọ ìdánwò ń tẹ́ sí i, mo sì mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń kọjá níbi tó ti ń jábọ́ tẹ́lẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn wà ní Amadi-Ama, lẹ́bàá omi. Ẹrẹ̀ ti kún kòtò náà dé orúnkún. Mo wà nísàlẹ̀, Boma wà lókè, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí ìdérí, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè máa gbọ́ àwọn tó wà lọ́fíìsì nídìí ẹ̀rọ tuntun. Mo ká fáíbà tó kẹ́yìn, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ sí ààyè rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n gbìyànjú. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ẹnì kan wá ké lọ́fíìsì pé ó ti wọlé. Wọ́n ní gbogbo àwọ̀ ti dé Elelenwo, kò sí ọ̀kan tó sọnù, ọ̀nà ti ṣí gbayawu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Boma! Boma! Èmi wà nínú ẹrẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lórí tíréè. Mo ronú pé ó ti tán nìyẹn. Iṣẹ́ mi, ọwọ́ mi, orúkọ rẹ̀.

Boma tẹ̀ síwájú, ó sún mọ́ fóònù náà.

"Abeg, make una hold on," ló wí. "No be me. Na Bros Mufu dey inside the hole. Na him hand carry the light pass. Make una hail am well."

Wọ́n sì hó. Orúkọ mi gba ẹnu wọn kan, ó ń dún láti inú fóònù kékeré yẹn káàkiri etídò, àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí dúró wò wá. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí mo ń fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn. Boma na ọwọ́ sí mi láti fà mí jáde, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀.

Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo gòkè wá, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní òun ló wà nínú kòtò, tó jẹ́ pé orúkọ tèmi ni wọ́n ń pè. Ǹ bá dákẹ́. Ǹ bá jẹ́ kí wọ́n máa pè é lọ títí ohùn wọn á fi ha. Mo dúró síbẹ̀ nínú aṣọ ẹlẹ́rẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, owú sì tún gbé mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ipò, mo lè rí òmíràn, fáíbà, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká a. Èyí tó ṣe lẹ́nu fóònù yẹn, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, n kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.